Oríkì Ọkọ̀ Faransé, Ọba Tí Kì Í Bàjẹ́ Àfi Kó Wàjà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba kì í kú. Ó máa ń wàjà ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún mẹ̀kúnnù kò tọ́ sí ẹni tó dé adé. Bí òfin yìí bá rí bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n ní kábíyèsí wàjà, kí àwọn èrò rọra sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ìrìn àjò, kí a sì ránṣẹ́ sí àwọn afọbajẹ, ìyẹn mẹkáníìkì tí ń tú ẹ́ńjìnnì àti rewáyà tí ń wá ibi tí iná gbé já.

Oyè rẹ̀ kò lóǹkà. Òun ni Arẹwà-má-dé-ibi-tó-ń-lọ, Asùn-sọ́nà-bí-ẹni-délé, A-bọ́-mẹkáníìkì-bọ́-ọmọ-rẹ̀, Ọlọ́lá tí ń fi owó olówó ṣe ọlá. Ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn a máa gbé olówó wọn. Ní tirẹ̀, olówó rẹ̀ ló ń gbé e.

Inú ìdílé ńlá ló ti wá, orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Nígbà tí Citroën DS jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris ní oṣù kẹwàá ọdún 1955, àwọn olùfọkànsìn bí 12,000 ló béèrè fún un ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé bí Faransé bá pe lẹ́tà méjèèjì yẹn papọ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ túmọ̀ sí òrìṣà-bìnrin. Dípò sípírìn onírin, epo àti gáàsì tí wọ́n há mọ́ inú àwọn àgbá kéékèèké ló gbé e ró, tó fi jẹ́ pé bí awakọ̀ bá pa á, yóò rọra kúnlẹ̀, bí ó bá sì tún ṣáná sí i, yóò dìde. Òrìṣà wo ló tún ń kúnlẹ̀ fún abọ̀rìṣà? Epo kan náà yìí ló ń bá a tẹ bíréékì, tó sì ń bá a yí jíà, bẹ́ẹ̀ epo àkọ́kọ́ tí wọ́n lò a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà a sì máa jẹ irin láti inú wá, nítorí náà bí iṣan kan bá jò, gbogbo ara òrìṣà a rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1966 ni epo aláwọ̀ ewé tí kì í fa omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èyí tó fi hàn pé ọdún mọ́kànlá gbáko ni òrìṣà fi jẹ èèwọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, a kò lè sọ pé kò jẹ́ rí, nítorí ní ọdún 1962 tí àwọn apànìyàn yìnbọn sí De Gaulle, olórí orílẹ̀-èdè Faransé, ìbọn bẹ́ táyà DS tó gbé e, ọkọ̀ náà sì sá gbé e lọ láìdúró.

Bí àìsàn DS ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, inú awọ ni ti àbúrò rẹ̀ wà. Ọdún 1956 ni Renault gbé Dauphine jáde, orúkọ tó túmọ̀ sí ìyàwó Àrẹ̀mọ, wọ́n sì ṣe èyí tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Àwọn ará Amẹ́ríkà rà á lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọdún 1959, àmọ́ iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ láti fi yọ́ yìnyín. Yorùbá a máa fi iyọ̀ ṣúre fún ọmọ tuntun kí ayé rẹ̀ lè dùn; ní ti ìyàwó Àrẹ̀mọ, ayé rẹ̀ dùn títí irin ara rẹ̀ fi dógùn-ún tó sì lu, kò sì pẹ́ tí ọjà rẹ̀ fi kú ní ilẹ̀ náà.

Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣẹ́ kọ́ láti fi zinc bo irin, àìsàn bá kúrò lára awọ, ó gba inú ọpọlọ lọ. Renault Laguna kejì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ìràwọ̀ márùn-ún lọ́wọ́ Euro NCAP, ẹgbẹ́ tí ń dán ààbò ọkọ̀ wò, ní ọdún 2001, káàdì ni wọ́n sì fi ń ṣí i dípò kọ́kọ́rọ́. Ààbò rẹ̀ dájú lóòótọ́, pàápàá ní ọjọ́ tí káàdì bá kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn, nítorí kò sí ìjàm̀bá tó lè bá ọkọ̀ tí kò jáde nílé. Ẹ̀sùn iná àti wáyà rẹ̀ pọ̀ débi pé ní ọdún 2006, Carlos Ghosn tó jẹ́ ọ̀gá Renault ní láti ṣèlérí ní gbangba pé èyí tó máa tẹ̀ lé e yóò wà láàrin mẹ́ta tó dára jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti ọpọlọ, àìsàn sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun. Ẹ́ńjìnnì PureTech tí Peugeot àti Citroën jọ ń lò gba adé ẹ́ńjìnnì tó dára jù lágbàáyé nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún láti 2015 dé 2018, kí àrùn rẹ̀ tó fojú hàn gbangba. Bẹ́líìtì rọ́bà tó yẹ kó wà ní gbígbẹ ni wọ́n rì sínú epo ẹ́ńjìnnì. Epo náà a jẹ ẹ́, yóò máa rún wẹ́wẹ́, wóro rẹ̀ yóò sì dí asẹ́ tí epo ń gbà kọjá, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú sínú oúnjẹ ara rẹ̀. Ní ọdún 2024, Stellantis, iléeṣẹ́ tó ni wọ́n, fa àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ gùn dé ọdún mẹ́wàá tàbí 175,000 kìlómítà, ṣéènì onírin ló sì wà nínú àwọn tuntun.

Ìdílé ńlá kì í ṣàìní ọmọ tó ń dójú tì í. Peugeot 504, tó jáde ní ọdún 1968, kọ̀ láti wàjà: ó borí nínú ìdíje eré ọkọ̀ Safari ní ilẹ̀ Kenya ní 1975 àti 1978, ó sì gbé èrò àti ẹrù láìṣàárẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin àti ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti tò ó rí ní Kaduna. Dacia Logan tí Renault ṣe ní 2004 tún jẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, nítorí àwọn méjèèjì kò ní ohun àrà lára, ohun tí wọ́n ti dán wò tó jinná ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Oríkì yìí kò kàn wọ́n.

Nítorí náà, ọkọ̀ Faransé ti sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní awọ àti ní ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn kò tíì jáde nílé, yàrá ló ń pààrọ̀, nítorí àwọn tó ń ṣe é ṣì ń gbé àrà tuntun sọ́jà kó tó jinná, tí wọ́n sì ń fi ẹni tó rà á dán an wò. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá bẹ́líìtì inú epo ló ní tàbí ṣéènì, kí ó sì gba ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ ìpààrọ̀ epo sí. Bí ìdáhùn bá dára, ọkọ̀ ló rà. Bí kò bá dára, ọba ló fi jẹ, kí ó tètè mọ ilé àwọn afọbajẹ.