Bí O Ṣe Lè Fi Káàdì Rẹ Ta Gbájúẹ̀ Lọ́rẹ

Ìwọ tí owó inú báńkì ti sú, jókòó kí o gba ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ yìí kò le rárá.

Wá ìsọ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí o kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó ń ta bàtà 40,000 náírà ní 3,000. Nọ́ńbà iwájú káàdì, oṣù àti ọdún tí yóò parí, nọ́ńbà 3 ẹ̀yìn rẹ̀: kó gbogbo rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní ṣé kí àwọn bá ọ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà mìíràn, gbà kíákíá. Àdéhùn gígùn tí wọ́n ti kọ ẹni tí wọn yóò pín ọ̀rọ̀ rẹ fún sínú rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń ka ìyẹn!

Fóònù yóò dún lálẹ́ ọjọ́ kan. “Ẹ káalẹ́ sà, báńkì yín ni. A fẹ́ ti BVN yín pa, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín?” Rọra kà á fún un, kó má baà ṣì í kọ. Lóòótọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ náà ní o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òṣìṣẹ́ báńkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe èèyàn ní sà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé ẹnikẹ́ni nìyẹn?

Ní ti PIN, ọdún tí wọ́n bí ọ ni kí o lò, èyí tó ti wà lórí Facebook. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ oní-POS, pariwo rẹ̀ kí àwọn tó tò sẹ́yìn lè bá ọ rántí.

Àmọ́ ṣọ́ra fún àwọn ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àṣẹ tí o fún iléeṣẹ́ padà nígbàkígbà, àti láti ní kí wọ́n yé fi ọ̀rọ̀ rẹ polówó ọjà. Má lò ó. Má fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó lè dáwọ́ dúró, kí ilé wá dá. Má ṣe pa káàdì tí àwọn ìsọ̀ ti tọ́jú rẹ́, má sì ya àkáǹtì kékeré sọ́tọ̀ fún ìrajà.

Tí ọkàn rẹ bá wá yí padà lẹ́yìn tí o ti ka nọ́ńbà fún wọn, pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti káàdì pa. Má dúró di àárọ̀.