Ẹ̀gbọ́n Lórí Yìnyín

Ẹni tó bá fẹ́ bá àbúrò rẹ̀ gun òkè yìnyín, tó sì jẹ́ pé àbúrò yẹn ló mọ ọ̀nà, kó yáa fi ipò ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ sínú mọ́tò kó tó tilẹ̀kùn. Èmi ò fi tèmi sílẹ̀. Mo gbé e gòkè pẹ̀lú ẹrù yòókù, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo ohun tí mo rù.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, "Dúró!" lọ̀rọ̀ tó wúlò jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kò lè la irú rẹ̀ mọ́ ẹni tó jù ú lọ. Àbúrò mi yìí, kì í ṣe pé ìyá kan ló bí wa, ìlú òyìnbó ló sọ wá di ẹbí. Nọ́ọ̀sì ni ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts tí àwa méjèèjì ń gbé. Ọmọ Ìdànrè ni, ilé ire ló sì ti wá. Bó bá rí ewu níwájú mi, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ yín o, àmọ́ ó dà bí ẹni pé..." Kó tó dé ibi "ó dà bí ẹni pé" yẹn, mo ti wà nílẹ̀.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni, a ti jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù yó, ni Àbúrò bá fi fídíò kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀, níbi tó ti ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè funfun kan. Ó ní kì í ṣe ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbé èèyàn gòkè o, ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn fi ń gùn ún tòun ti síkì, ohun pẹlẹbẹ gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà, kó tó wá yọ̀ padà sísàlẹ̀. Gbogbo ilé ń yìn ín. Ẹnì kan dárúkọ Seun Adigun, tó ṣáájú àwọn ọmọbìnrin tó ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang lọ́dún 2018, tó jẹ́ pé pákó ló fi kan ọkọ̀ orí yìnyín tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò ní Houston, ìlú tó jẹ́ ooru ló mọ̀. Àbúrò wá ní tó bá ṣe ti òkè gígùn ni, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí orí òkè làwọn baba ńlá òun gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ síbi tí Ìdànrè wà báyìí, àti pé títí di òní, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn ń gùn kó tó rí ààfin àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní, "Níbo lẹ ti gbé adé lọ sí Ìdànrè?"

Ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Láti Ifẹ̀ ni, sà."

Mo ní ó tán. Ọmọ Òkèrèwè ni mí, ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí òkè méje yí ká, tí Òkè Ọ̀ra tí ìtàn ní Odùduwà ti sọ̀ kalẹ̀ wá wà nínú wọn. Ta ló fẹ́ fi òkè dẹ́rù ba irú wa? Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé n kò gun ọ̀kankan nínú méjèèje rí. Láti Òkèrèwè lọ sí Lágéré gan-an, ọ̀kadà ni mo máa ń gùn.

Bí mo ṣe bá ara mi lójú ọ̀nà New Hampshire nìyẹn, lóṣù kẹrin ọdún. Ní Òkèrèwè lákòókò yẹn, àkọ́rọ̀ òjò ti ń rọ̀, máńgòrò ti ń pọ́n, bí yìnyín bá sì bá òjò já, àwọn ọmọdé á sáré ṣà á jẹ kó tó yọ́. Yìnyín tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀ òkè tí à ń lọ, koríko ti ń hù, mo sì ti ń yọ̀ nínú mi pé a ti pẹ́ jù, ká kàn jẹun ká padà sílé. Àbúrò nawọ́ sókè. Mount Washington ló ń fi hàn mí, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6,288. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni atẹ́gùn ti ń gbá yìnyín kúrò lórí òkè náà, tó ń dà á sínú kòtò ràgàjì kan tó ń jẹ́ Tuckerman Ravine, ibẹ̀ ló sì ń kó jọ sí débi pé àwọn èèyàn ṣì ń ṣe síkì níbẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Irú atẹ́gùn wo? Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1934, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lórí ṣóńṣó òkè náà wọn atẹ́gùn tó ń sáré máìlì 231 ní wákàtí kan, kò sì sí ibi tí wọ́n ti wọn èyí tó jù ú lọ lórí ilẹ̀ títí di 1996, nígbà tí ìjì kan jà ní Australia.

Mo ní ká máa lọ, pé atẹ́gùn kò lè gbé èmi, mo ti sanra.

Tòkunbọ̀ ni gbogbo irinṣẹ́ mi. Kì í ṣe pé n kò lówó tí mo lè fi yá èyí tó dáa ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n èmi kì í rí òkìrìkà kí n gbójú kúrò. Abẹ́ síkì ń yọ̀, ẹ̀yin náà á ti máa rò ó pé báwo lèèyàn ṣe ń fi nǹkan tó ń yọ̀ gòkè. Awọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn. Láyé àtijọ́, awọ síìlì gidi ni, ẹran inú òkun. Lónìí, náílọ́ọ̀nù tàbí irun ewúrẹ́ kan báyìí ni wọ́n fi ń hun ún. Irun rẹ̀ á kọjú sẹ́yìn. Bí èèyàn bá ti ẹsẹ̀ síwájú, irun á sùn, síkì á yọ̀ lọ. Bí síkì bá fẹ́ yọ̀ padà, irun á ta, á di yìnyín mú. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó ṣeni láàánú pé mo ti lẹ tèmi sódì kí n tó gbọ́ ọ.

Bí mo bá tẹ̀ síwájú, síkì á dì mọ́lẹ̀. Bí mo bá dúró láti mí, màá máa yọ̀ lọ sẹ́yìn bíi dánfó tí búréèkì rẹ̀ ti kú. Àbúrò rí i, mo mọ̀ pé ó rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá yín gbé báàgì yín ni?" Mo ní rárá, ara ń yá mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Àbí ká sinmi díẹ̀, sà, ká yẹ ẹrù wa wò?" Mo ní kí ló dé, ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Òyìnbó arúgbó kan ló wá ń kọjá lọ, kò mọ̀ mí rí, kò kí mi, ó kàn wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "O lẹ awọ rẹ sódì," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí àìlẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe bí mi nínú tó, n kò yọ̀ padà sẹ́yìn mọ́ látìgbà náà.

Ọ̀nà tó lọ sí Hermit Lake, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sinmi kí wọ́n tó wọ inú kòtò náà, jẹ́ máìlì méjì àbọ̀ ó dín díẹ̀. Súwẹ́tà mẹ́ta ni mo wọ̀ léra, mo tún wá fi kóòtù lé e, nítorí òtútù tí mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Òógùn bò mí. Nígbà tí a dúró, òógùn yẹn di omi tútù sí mi lára, eyín mi ń lu ara wọn. Àbúrò fa súwẹ́tà gbígbẹ kan yọ nínú báàgì rẹ̀, aláwọ̀ píǹkì, òdòdó sì wà láyà rẹ̀. Mo wọ̀ ọ́. Òtútù kì í jẹ́ kéèyàn yan àwọ̀.

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé kò sí ohun tí mo ṣe tó dáa lọ́jọ́ náà. Mo gbé gàrí Ìjẹ̀bú dání, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà. Ẹni tó ń fi omi fíríìjì rẹ gàrí kò tíì mu gàrí. Omi òkè yẹn, tó jẹ́ pé yìnyín ni láàárọ̀, ló mọ iṣẹ́ yìí. Ọmọ òyìnbó kan tọ́ ọ wò, ó ní ó kan. Mo ní òun gan-an la fi ń mu ún. Mo mu ìgò méjì kún, mo gbàgbé pé gàrí ṣì máa wú, pé òkè ló sì kù láti gùn.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ bátìrì ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a máa ń so mọ́ àyà. Bí yìnyín bá ya bo èèyàn mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà á máa ránṣẹ́ láti abẹ́ ibẹ̀, ti ẹnì kejì á gbọ́ ọ, á sì mọ ibi tó máa fi ṣọ́bìrì gbẹ́. Kò gba ìfàsẹ́yìn rárá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá tú jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 ló ń yè, lẹ́yìn ìyẹn ìrètí á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá wà láàárín dìgírì 30 sí 45 ló sì ń ya jù, irú èyí tí a ń lọ gùn gẹ́lẹ́. Àbúrò ti ka ìkìlọ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè náà máa ń gbé jáde láràárọ̀, ó ní ewu rẹ̀ kéré lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ yẹ ẹ̀rọ wa wò síbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá tèmi ń gbọ́ tiyín."

Mo wo tirẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Tìrẹ ti bàjẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan."

Mo ti pa tèmi láti ìsàlẹ̀ kí bátìrì rẹ̀ má bàa tán. NEPA ló tọ́ mi dàgbà. Mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí a máa nílò rẹ̀.

Àbúrò wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan tiyín, bóyá tèmi á gbádùn." Mo tan án, tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ní, "Ṣé o rí i?"

Nígbà tí a wọ inú kòtò náà, ó bẹ̀ mí pé ká dúró de oòrùn. Yìnyín ìgbà yẹn nínú ọdún máa ń dì lóru, á le koko, oòrùn á wá rọ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di wóróhóró tí síkì lè dì mú. Ẹni tó bá yá jù máa bá dígí níbẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ jù máa rì sínú ẹrẹ̀. Mo ní nílé wa ní Òkèrèwè, oòrùn kì í jí wa. Mo gbé síkì lé èjìká, mo ń tẹ ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ti ṣáájú gun ògiri yìnyín tí wọ́n ń pè ní Headwall. N kò tíì dé ìdajì rẹ̀ tí mo fi bojú wẹ̀yìn, orúnkún mi sì ní òun ò lọ mọ́. Mo wọ síkì mi níbẹ̀. Bàtà síkì yìí, nígbà ìrìn, gìgísẹ̀ máa ń gbé sókè. Nígbà ìyọ̀, ńṣe lèèyàn ń tì í mọ́lẹ̀. Ìrìn ni tèmi ṣì wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́..."

Lọ́dún 1939, ọmọ Austria kan tó ń jẹ́ Toni Matt, ọmọ ọdún 19, ń bá wọn sáré láti ṣóńṣó òkè yìí. Ó ṣi ibi tó wà rò, ló bá bá Headwall lọ tààrà láìyà kúrò lọ́nà, ó sì parí eré náà ní ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ìṣẹ́jú àáyá 29. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi náà bá a lọ tààrà. Ìyàtọ̀ àwa méjèèjì ni pé orí ẹsẹ̀ lòun wà. Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi lọ, lẹ́yìn náà ikùn tòun ti gàrí inú rẹ̀, lẹ́yìn náà orí. Síkì kan bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kòtò náà, àwọn àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Lunch Rocks. Ibẹ̀ lèrò máa ń jókòó sí bí oòrùn bá ràn, tí wọ́n á máa jẹ, tí wọ́n á máa mu, tí wọ́n á máa wo àwọn tó ń ṣubú. Ibẹ̀ gan-an sì ni yìnyín tó bá já láti òkè máa ń gbà kọjá, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni òmùgọ̀ ibẹ̀. Wọ́n dìde fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó yèè, ẹnì kan ń pariwo "Píǹkì! Píǹkì!" Nígbà tí mo dúró, yìnyín kún etí mi méjèèjì. Àbúrò yọ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wẹ́rẹ́, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gúnlẹ̀, ó sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "...ó dà bí ẹni pé ẹ ò tíì ti gìgísẹ̀ yín mọ́lẹ̀, sà."

Mo fi Kwame Nkrumah-Acheampong tu ara mi nínú, ọmọ Ghana tó kọ́ síkì nínú ilé ní Milton Keynes níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tó sì dé Òlíńpíìkì Vancouver lọ́dún 2010. Ipò 47 ló gbé nínú eré slalom, ẹnì kan péré ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwọn tó parí. Èmi náà kúkú ti parí. Àbúrò gbà pẹ̀lú mi. Ó máa ń gbà.

Ọ̀nà Sherburne la gbà sọ̀ kalẹ̀. Yìnyín ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀, ilẹ̀ ti ń yọjú láwọn ibì kan. Ìdí ni mo fi sọ èyí tó pọ̀ jù, ṣòkòtò mi sì jẹ́rìí sí i. A ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ètè mi ti wú. Láàárọ̀, Àbúrò nawọ́ ìpara oòrùn sí mi, mo bi í pé ṣé kò rí àwọ̀ mi ni. Mo ní oòrùn Ifẹ̀ ló ti yan án. Ṣùgbọ́n yìnyín ń ta ìtànṣán oòrùn padà sókè láti ìsàlẹ̀, ẹnu mi sì wà ní lílà látàárọ̀ nítorí èémí. Ó jó mi ní ihò imú, ó jó mi ní àjà ẹnu, ibi tí n kò mọ̀ pé oòrùn lè dé. Ọbẹ̀ ata di èèwọ̀ fún mi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò ni ìyá mi pè lórí WhatsApp láti Òkèrèwè. Ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n ní, "Ta ló lù ẹ́?"

Mo ní òkè kan ni mo gùn.

"Kí lo lọ mú níbẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Màmá, a kàn gùn ún, a sì sọ̀ kalẹ̀ ni.

"Ṣé wọ́n sanwó fún yín ni?"

Mo ní àwa la náwó sí i. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò gbà á, ó ní "Ẹ káalẹ́, mà," ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. N kò gbọ́ ohun tí ìyá mi ń bi í. Ìdáhùn ni mò ń gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Rárá, mà, wọn ò gbọ́. Mo sọ fún wọn, mà. Èyí tó wà láyà wọn? Wọ́n pa á ni, mà. Wọ́n ní bátìrì á tán."