Àgùàlà àti Ẹ̀wù NASA

"Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ní ajá oṣù ni." Ìràwọ̀ títàn kan dúró ti òṣùpá nírọ̀lẹ́, ayé sì sọ ọ́ di ajá tó ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àgùàlà kò sin ẹnikẹ́ni. Oòrùn ló ń yí po, ọjọ́ 225 ló sì fi ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bí 384,000 kìlómítà péré ni òṣùpá fi jìnnà sí wa. Bí Àgùàlà bá sún mọ́ wa títí, nǹkan bí mílíọ̀nù 40 kìlómítà ló ṣì kù. Ọ̀gangan kan náà ni ojú ti bá wọn. Kò sí ẹbí mìíràn láàárín wọn.

Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ló so ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ ẹ̀wù tó gbé e kọ́ àyà. Ní Ìpòtì-Èkìtì, bíi ti Ìjerò àti Àràmọ̀kọ, ìsọ̀ òkìríkà ni irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ sábà ti ń jáde. Pólò NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ni ọ̀gá wọn. Àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tó wà lára rẹ̀, James Modarelli ló yà á ní 1959, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀. NASA kì í gbowó lórí àmì yìí, àṣẹ nìkan ni oníṣòwò máa gbà, ìdí nìyẹn tó fi kún ìgboro bí omi òjò. Ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò kàn máa rọra rìn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òṣùpá dé.

Ẹ̀wù dúdú kan tún wà tí ìlà funfun tín-ín-rín gun ara wọn lórí. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lè búra pé òkè ìlú òun ni wọ́n yà. Bẹ́ẹ̀ ìgbì rédíò láti ara ìràwọ̀ kan ni, CP 1919, tó ń lù kì lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.34. Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1967. Harold Craft ya àwọn ìlà náà sínú ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 1970. Ẹgbẹ́ olórin Joy Division gbé e síwájú páálí àwo wọn ní 1979, ibẹ̀ ló gbà dórí aṣọ. Ẹ̀bùn Nobel 1974 lọ sọ́dọ̀ Antony Hewish, ọ̀gá Bell, àti Martin Ryle. Ẹni tó rí ìràwọ̀ kò gbẹ̀bùn, olórin ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, ẹni tó sì wọ̀ ọ́ kò mọ ìkankan nínú wọn.

Ti ẹ̀wù E=mc² kò ní kí á pẹ́ níbẹ̀. Einstein gbé e jáde ní 1905. Ẹni tó sá fún fisíìsì nígbà WAEC ló ń gbé e kiri báyìí.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọjà sáyẹ́ǹsì wọ̀nyí, ìwé ẹ̀rí ìràwọ̀ ló pabanbarì. Àwọn oníṣòwò kan lókè òkun ń gbowó, wọ́n á fi orúkọ olólùfẹ́ ẹni sọ ìràwọ̀, wọ́n á sì fi ìwé olóòǹtẹ̀ ránṣẹ́. Àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, IAU, kò ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí. Àjọ yìí kan náà ló fún Nàìjíríà láǹfààní ní 2019 láti sọ ìràwọ̀ HD 43197 lórúkọ: Amadioha ni ìràwọ̀ náà ń jẹ́, Equiano sì ni pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i po. Ẹnikẹ́ni kò sanwó orúkọ náà.

Ní Àkúrẹ́ nítòsí Èkìtì, yunifásítì FUTA bá ilé ẹ̀kọ́ Kyushu Institute of Technology ní Japan ṣe sátẹ́láìtì Nigeria EduSat-1, tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ó gbéra ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Ẹ wo ìsọ̀ títí, ẹ kò ní rí pólò rẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá ẹ̀bùn fún ọmọ tó fẹ́ràn ojú ọ̀run, kí ó ra awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì. Lẹ́yìn òjò, kí ọyẹ́ tó gbé eruku dé, bí Júpítà bá wà lókè tí ọwọ́ kò sì gbọ̀n, ọmọ náà á rí òṣùpá mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí ó wá ra ẹ̀wù.