Òdo Ni Wọ́n Kọ fún Alábàárù

Ẹ bá mi bi Físíìsì: ta ló ṣẹ̀ ẹ́ gan-an? Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ wa níléèwé, òun nìkan ló lè rí ẹni tó ń làágùn yọ̀bọ̀ kó ní kò ṣiṣẹ́.

Ẹ yà ní ọjà Bódìjà láàárọ̀. Alábàárù gbé àpò ìrẹsì kílò 50 karí, òṣùká ti fẹ́ wọnú agbárí, iṣan ọrùn ta jáde bí okùn kànga, ó ń pariwo pé kí wọ́n yàgò fún ẹlẹ́rù. Ó rìn láti ìsọ̀ oníìrẹsì dé ìdí ọkọ̀. Ẹ wá bi ìwé Físíìsì pé iṣẹ́ mélòó ló ṣe sára àpò yẹn lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Òdo! Òdo rogodo bí ẹyin adìẹ. Wọ́n ní ipá tó gbé ẹrù dúró ń tì í sókè, ẹsẹ̀ sì ń gbé e lọ síwájú, ipá àti ìrìn kò kọjú síbì kan náà. Ẹ gbọ́ àgálámàṣà!

Ìgbà kan ṣoṣo tí Físíìsì gbà pé ọkùnrin yìí ṣe nǹkan ni ìgbà tó gbé àpò kúrò nílẹ̀ dé orí. Ipá níútìn 500, gíga mítà 2 (mo bù kún un ni, kí ó lè níyì díẹ̀), jọ́ọ̀lù 1,000 nìyẹn. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 tí ẹ fi ń lọ agbádá ń jẹ iye yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bí ẹ bá fi wákàtí kan lọ aṣọ, ẹ ti jẹ yúnítì iná kan, ìyẹn jọ́ọ̀lù 3,600,000. Kí alábàárù tó ṣe irú ẹ̀, yóò gbé àpò ìrẹsì 3,600 karí. Nítorí agbádá!

Ta ló tiẹ̀ ń jẹ́ Jọ́ọ̀lù? James Joule, ọmọ apọntí ará Salford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1818. Ọtí bíà wà nílé bàbá rẹ̀, omi lásán ló ń rò bí ẹni ro ẹ̀kọ: ó so ìwọ̀n mọ́ okùn, ìwọ̀n ń já wálẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ń yí nínú omi, òun ń wò ó bóyá omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní 1847 tó gbéyàwó, Kelvin, onímọ̀ Físíìsì bíi tirẹ̀, ròyìn pé òun pàdé rẹ̀ lórí òkè Alps, òṣùwọ̀n ìgbóná gbọọrọ lọ́wọ́ ọkọ tuntun, ìyàwó nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin nítòsí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá omi ìsàlẹ̀ ọ̀ṣọ̀rọ̀ gbóná ju tòkè lọ. Bẹ́ẹ̀, omi gbọ́dọ̀ já bọ́ láti òkè tó ju mítà 400 lọ kó tó fi dígíríì kan gbóná! Ká ní ọkọ ìyàwó kan dán èyí wò ní ọ̀ṣọ̀rọ̀ Olúmirìn, àwọn àna ì bá ti máa wá babaláwo.

Tíṣà Físíìsì wa náà kò kẹ̀rẹ̀. Ó ní ká kúnlẹ̀, ká nawọ́ sókè, torí a pẹ́ dé. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, apá ń gbọ̀n, aláfojúdi kan bi í pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, jọ́ọ̀lù mélòó la ti ṣe?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òdo. Ẹ ṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn sí i. Òdo lọ́nà méjì, òdo náà ni."

Kí wọ́n má baà ní mo purọ́ mọ́ Físíìsì, ó ní àlàyé. Tábìlì lè gbé àpò yẹn dúró fún ọdún kan láìjẹ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ẹran ara kì í ṣe pákó: iṣan ọrùn ń fún, ó ń dẹ̀, ó ń jó ẹ̀bà àná, ó ń sọ ọ́ di ooru. Agbára ẹ̀bà yẹn kò ṣègbé, ara alábàárù ló ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gba A1 nínú Físíìsì, bí alábàárù bá gbẹ́rù yín dé ìdí ọkọ̀ lọ́la, ẹ má fi òdo inú ìwé bá a dúnàádúrà. Ẹ san owó rẹ̀. Ẹ̀bà mìíràn ló ń lọ jẹ.