Agbálẹ̀ Ajànàkú

Ọjọ́ tí erin bá kú, làwọn baba wa wí, là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Wọn ò tíì dé Chiang Mai ni. Lọ́hùn-ún, ní àríwá Thailand, erin wà láàyè, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ju etí, oríṣiríṣi ọ̀bẹ sì ti jáde: ọ̀bẹ lọ́wọ́ dókítà, ọ̀bẹ lọ́wọ́ lọ́yà, ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọ̀gá báǹkì. Bàrà olómi ni gbogbo wọn ń gé. Ta ni yóò jẹ ẹ́? Ẹni tó ń ju etí ni.

Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, ẹ má wẹ̀yìn. Ẹ̀yin bọ̀dá tí ìyàwó ní kẹ́ ẹ gbé abọ́ kúrò nílẹ̀, tí ẹ̀yìn ń dùn yín látèṣí. Ẹ̀yin àǹtí mi ní Peckham, tẹ́ ẹ máa ń pe ọmọ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó wá mú rìmóòtù tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín fún yín. Ẹ̀yin náà lẹ sanwó ọkọ̀ òfúrufú, tẹ́ ẹ tún san ẹgbẹ̀rún mélòó kan baht lé e, kí wọ́n lè jẹ́ kẹ́ ẹ kó ìgbẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Níbo la ti rí i rí, kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa sanwó fún ọ̀gá? Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ wo? Erin ló ń jẹ ọ̀fẹ́!

Ó sì mọ̀ ọ́n jẹ. Erin Éṣíà tó ti dàgbà lè jẹ tó 150 kílò koríko, ewé àti èso lójúmọ́. Ẹni tó bá ti se oúnjẹ òkú àgbà rí á mọ̀ pé ìnáwó nìyẹn, àmọ́ òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ o, kò sí ìyá kankan tó ń di tiẹ̀ sínú ọ̀rá lọ sílé. Ibi tọ́rọ̀ wá dùn sí ni pé ikùn rẹ̀ kì í lọ oúnjẹ dáadáa. Bí ìdajì lara rẹ̀ ń gbà, ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyókù yẹn gan-an niṣẹ́ yín. Ṣọ́bìrì rèé, bárò rèé. Bẹ́ ẹ bá kó tàárọ̀ tán, tẹ́ ẹ na ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín sí fóònù kẹ́ ẹ ya fọ́tò Wásáàpù, ẹ ó gbọ́ "gbì!" lẹ́yìn yín. Ọ̀gá tún ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Baba wa ní a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ẹgbẹ́ Kó-ìgbẹ́-ya-fọ́tò ń ru oúnjẹ erin lórí, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ ìgbẹ́, wọ́n ń fọwọ́ kejì wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwọn erin arúgbó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀mẹfà péré ni erìgì erin ń jáde láyé rẹ̀. Bí tìkẹfà bá ti jẹ tán, kò sí èènì, oúnjẹ rírọ̀ ló kù. Ẹ wá wo àbúrò wa tí kò gúnyán fún ìyá ọkọ rẹ̀ rí, tó lóṣòó, tó ń fi ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣù òkèlè róbótó-róbótó fún ìyá àgbà kan tó ga ju òrùlé lọ. Ìyá gbé e mì. Kò dúpẹ́. Ó na ọwọ́ ìjà rẹ̀, ó tún fẹ́ sí i.

Lọ́sàn-án, àwọn òṣìṣẹ́ náà yóò jẹun. Ní Elephant Nature Park, ọ̀kan lára àwọn ibùdó erin ibẹ̀, ewébẹ̀ ni wọ́n ń gbé ka iwájú àlejò: kò sí ẹran, ká má tíì sọ pọ̀nmọ́. Ọmọ Ìbàdàn tó fi ṣàkì dàgbà á wá dúró ti tábìlì, á máa fi ṣíbí tú abẹ́ ewé wò, bóyá wọ́n sin nǹkan síbẹ̀.

Ká má purọ́ mọ́ ọ̀gá ṣá, òṣìṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Gẹdú lòun àti ẹbí rẹ̀ ń wọ́ nínú igbó kí ìjọba Thailand tó fòfin de gígé igi nínú igbó lọ́dún 1989. Bí wọ́n ṣe di aláìníṣẹ́ nìyẹn, kò sówó ìfẹ̀yìntì, kò sí ayẹyẹ ìdágbére. Àwọn kan di takisí fáwọn àlejò, àwọn kan ń rìn kiri ìgboro Bangkok lóru, tí darandaran wọn ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́ni tó bá fẹ́ fún erin jẹ. Láwọn ọdún 1990 sí 1999 ni Saengduean Chailert, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Lek, dá Elephant Nature Park sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun erin níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rán agbádá tẹ́ ẹ fẹ́ fi jókòó lẹ́yìn Ajànàkú bí ọba, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fi agbádá nu ṣọ́bìrì. Nínú àlọ́, Àjàpá fi oyè tan erin dé bèbè ọ̀fìn. Erin ti wá gorí oyè báyìí, fọ́tò ni wọ́n sì fi ń tan ẹ̀yin.

Ẹni tí kò bá lówó Thailand, kó má sunkún. Kó lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí àyíká J4, nínú igbó Ìpínlẹ̀ Ògùn. Erin yóò wá fúnra rẹ̀, kò ní béèrè físà, kò ní béèrè baht. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún un tipẹ́, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ẹ̀wù tá a kọ orúkọ sí. Àmọ́ ẹ má bọ́ bàtà sùn o: erin tibẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ àti ẹni tó wá jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.