Kékeré Ni Àṣàmú Ti Ń Tẹ̀ka

Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Òwe ìwúrí ni, ó sì ń dùn lẹ́nu MC níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún kan ní Peckham, ní London. Àmọ́ ó jọ pé àwa tí à ń pa á gan-an ni kò yé mọ́. Ìjọba Ìlú Ọba tí kò gbọ́ Yorùbá ló di òwe náà mú ṣinṣin, tó fi ṣòfin. Nínú ọ̀rọ̀ bí ọmọdé ṣe ń di ọmọ ìlú níbẹ̀, ọjọ́ orí ló ń pàṣẹ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, wọn kì í ní kó tẹ̀ka. Àwòrán ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10, kò sẹ́ni tí yóò béèrè irú ìwà tó ń hù. Ọjọ́ tó bá pé 10 ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ wò: ṣé ọmọlúàbí ni, àbí ọlọ́pàá ti mọ orúkọ rẹ̀? Bó bá wá pé 18, púpọ̀ nínú ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ọmọdé ti tì. Àwa ńkọ́? À ń ki ọmọ ní Àṣàmú lórí gbohùngbohùn, ìwé rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó ń fa ìfọkànbalẹ̀ yìí kò ṣòro rí. Ọ̀pọ̀ òbí ṣì gbà pé ọmọ tí a bá ti bí sí London, ọmọ London ni, kò tún ku ẹnu ọ̀rọ̀. Irọ́ kọ́ nígbà kan. Àwọn ọmọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà bí sọ́hùn-ún láàárín 1960 sí 1980, ọmọ ìlú ni wọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ké. Ìròyìn àwọn bùrọ̀dá àti àǹtí wọ̀nyẹn la ń gbé kiri títí dòní. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1981, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983, ti fòpin sí i. Láti ìgbà náà, àfi kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ìlú, tàbí kó ti ní ohun tí ará ilé ń pè ní “stay”, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke, kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tó wà nínú ọ̀rá yẹn kàn ń jẹ́rìí pé wọ́n bí ọmọ ni. Ọ̀pọ̀ ilé kì í mọ̀ títí ilé-ìwé yóò fi fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Faransé, tí wọ́n á ní kí kálukú mú pásípọ́ọ̀tì wá. Ọmọ ti di ọdún 16 nígbà yẹn, ó sì ti hu irùngbọ̀n.

Ìgbà yìí ni ìkánjú yóò dé. Wọ́n á kọ ìwé kí ọmọ lè di ọmọ ìlú, wọ́n á wá ẹlẹ́rìí méjì, wọ́n á sanwó. Gbogbo ẹbí á mí kanlẹ̀ pé ó parí, bẹ́ẹ̀ ibi tí iṣẹ́ kù sí gan-an nìyẹn: ọmọ gbọ́dọ̀ lọ tẹ̀ka, ó sì ní gbèdéke. Bí kò bá tíì pé 16, àgbàlagbà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kó sì dúró tì í bí wọ́n ṣe ń gbé ìka rẹ̀ lé gíláàsì: mẹ́rin ọ̀tún, mẹ́rin òsì, àtàǹpàkò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà ìka ọmọdé fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ á sì máa ní kó tún un tẹ̀. Àyè ọ̀fẹ́ láti tẹ̀ka wà, ṣùgbọ́n ó lè bọ́ sí ọjọ́ ilé-ìwé tàbí sí ìlú mìíràn. Àyè olówó sì wà fún ẹni tó ń kánjú, nítorí ìka kò dọ́gba níbi tí wọ́n ti ń ka ìka pàápàá. Bàbá ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ìyá ń tọ́jú arúgbó ní ilé ìtọ́jú, ímeèlì ń pọ̀ lórí ara wọn. Bí gbèdéke bá kọjá láìtẹ̀ka, Home Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, lè ka ìwé náà sí òfo. Fún ọmọ ọdún 7, wàhálà lásán ni. Ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n mú wá láti Ìbàdàn ní ọmọ ọdún 8, tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé 18, abala òfin tó lè gbà á kì í gba ẹni tó bá ti pé 18. Kò ní rí ibi tún un bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ abala yẹn. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tó sì gbé ibẹ̀ ní ọdún 10 àkọ́kọ́ rẹ̀, kò ní irú ìbẹ̀rù yìí, torí àǹfààní tirẹ̀ kì í tán pẹ̀lú ọjọ́ orí. Kó ṣáà rí ẹ̀rí ọdún mẹ́wàá náà kó jọ.

Àwọn kan á ní owó ni ìṣòro. Òtítọ́ tó lágbára ni. Ní 2019, £1,012 ni wọ́n ń gbà lórí ọmọ kan, nígbà tí iṣẹ́ náà kò ná ìjọba ju nǹkan bí £372 lọ. Ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, PRCBC, gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ilé Ẹjọ́ Gíga sọ ní oṣù kejìlá ọdún yẹn pé ìjọba kò ro ire ọmọ kí wọ́n tó bu owó náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù wá sọ ní 2022 pé agbára láti bu irú owó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba sì tún gbé e sí £1,214 ní 2023. Ìwà ìjẹkújẹ nìyẹn, n kò ní gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà 2022, òbí tí apá rẹ̀ kò ká owó náà lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tí kò ní ni ẹ̀bẹ̀ yẹn wà fún. Ẹni tó ti san àsansílẹ̀ gbọ̀ngàn àti aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ ọdún 18 ọmọ náà, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn mìíràn á ní ìwọ̀sí ni kí wọ́n máa gba ìka ọmọdé bí ẹni ń gba ti ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ náà ká ni lára, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti di ọmọ ìlú, wọ́n ń pa ìka náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ wọn. Bó bá ká òbí lára tó bẹ́ẹ̀, kó mú ọmọ lọ kó tó pé ọdún 5.

Àtakò tó kù ló le jù: ọ́fíìsì tó ń fún wa ní gbèdéke kò fún ara rẹ̀ ní irú rẹ̀. Oṣù 6 ni wọ́n ń ní ká máa retí, bó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tiwọn tó ń di òfo. Ìrẹ́jẹ ni, ó sì yẹ kí aṣòfin àdúgbò gbọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí aṣòfin náà, kó kọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọmọ bá tẹ̀ka tán.