Ọrùn Àgbà Ló Wọ́

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí ń fẹ́ àtúnṣe, nítorí àwọn tó pa á kò ro fóònù mọ́ ọn. Lọ́jà òde òní, àgbà kún ibẹ̀ fọ́fọ́, orí ọmọ wọ́ sápá kan, àgbà sì dúró tì í, ó ń ya á ní fídíò. Bí ó bá délé, yóò gbé e sórí Facebook, yóò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí àwọn ìyá ìwòyí ṣe ń gbọ́mọ!"

Ẹ wo ibi ìsọmọlórúkọ. Oyin wà nínú àwo. Iyọ̀, obì, orógbó àti ataare tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá tó fẹ́ ṣàdúrà ti ti ìka bọ oyin, ó fẹ́ fi tọ́ ọmọ lẹ́nu, ni ẹnìkan bá ké láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà mi ò tíì ṣí!" Bàbá dá ìka dúró. Oyin ń kán sára agbádá. Ìyá ọmọ kọjú sí fóònù àbúrò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, orí ọmọ sì ń yẹ̀ lápá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà kan, tí fóònù rẹ̀ kò ju onítọ́ọ̀ṣì lọ, ló rí i tó sáré fọwọ́ gbá orí náà mú. Òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Nígbà tó di alẹ́, "Ẹ kú oríire" kún gúrúpù WhatsApp ẹbí. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ ọ́ jókòó sí pálọ̀ kan náà láti àárọ̀, wọn kò sì bá ara wọn sọ gbólóhùn mẹ́ta.

Ti ọmọ kò burú ṣá, ọrùn tirẹ̀ yóò le. Ti àgbà ni mò ń rò. Orí àgbàlagbà wọn nǹkan bíi kílò 5. Lọ́dún 2014, Kenneth Hansraj, oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kan ní New York, ṣírò ó pé bí a bá tẹrí wálẹ̀ dé 60 dìgírì, ẹrù tó ń bọ́ sọ́rùn á tó nǹkan bíi kílò 27. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Alábàárù tó ń ru sìmẹ́ǹtì á gbowó iṣẹ́ lálẹ́. Àwa tó gbé ààbọ̀ àpò sọ́rùn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, àwa náà la tún ń ra dátà.

Nígbà kan, owó ló ń dá wa lẹ́kun. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Yorùbá tí í kí bàálé, kí ìyàwó, kí ọmọ, kí ará ilé ẹ̀yìn, wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Mo ti dé o" kí wọ́n gé e. Fílàṣì la fi ń pe ara wa. Glo dé lọ́dún 2003, ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹnu wá gùn sí i. Lẹ́yìn náà ni ojú gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnu.

Àwọn tó ṣe ohun tí ojú ń wò lórí fóònù kúkú mọ ohun tí wọ́n ṣe. Lọ́dún 2006, Aza Raskin, ọ̀kan nínú wọn, gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ojú ìwé kò fi ní lópin mọ́: bí ìka ṣe ń tì í sókè ni òmíràn ń yọ nísàlẹ̀. Ó ti jáde sọ ọ́ ní gbangba pé òun kábàámọ̀. Àwa kò tíì dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, ká tó wá ráyè kábàámọ̀.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù sódò. Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ọmọ tó wà lókè òkun wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣe lábẹ́ ìrọ̀rí? Ẹ ní nítorí àtijí ni. Aago tí ń jí èèyàn ṣì wà lọ́jà, ẹ ra ọ̀kan. Ẹ fi fóònù sí pálọ̀ lálẹ́, kó sùn síbi tí ṣájà wà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, àdúgbò mọ ilé yín, wọn yóò kanlẹ̀kùn.